Ìwé Àgọ́ Kẹta

Àwọn ẹyẹ náà kò fò. Ohun tí ó kọ́kọ́ ṣe aránṣọ náà ní kàyéfì nìyẹn. Òun àti ọkọ rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn àgọ́ kìíní tí wọ́n ti ń wo ẹranko létíkun, ilẹ̀kùn náà ké bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀, síbẹ̀ àwọn ẹyẹ òkun funfun tó tò sórí àpáta nísàlẹ̀ kò ru ìyẹ́ sókè. Ńṣe ni gbogbo wọn yí orí lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n kọjú sí àgọ́, wọ́n sì dákẹ́.

"Wọ́n rí arẹwà ọkùnrin ni," ni ọkọ rẹ̀ wí, ó ń tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe.

Mẹkáníìkì ni ọkọ, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Ó ti fi ejò onírọ́bà sínú àpótí abẹ́rẹ́ ìyàwó rẹ̀ rí. Ó ti pe àna rẹ̀ lórí fóònù rí, ó ní ọlọ́pàá lòun, ìyá àgbà sì ń jẹ́wọ́ ẹran tó jí jẹ lọ́mọdé. Ẹ̀rín yìí ló gbé ilé wọn ró. Oyún mẹ́ta ti bà jẹ́ lára aránṣọ láàárín ọdún mẹ́fà, lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ọkọ rẹ̀ jókòó tì í, tó ń pa á lẹ́rìn-ín títí omijé fi gbẹ.

Ẹ̀kẹrin wà lára rẹ̀ báyìí. Kò tí ì sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá là á lẹ́nu, á tún bọ́. Ó ti pinnu pé ọjọ́ tó bá pé oṣù mẹ́rin lòun máa sọ, òní ló sì pé. Fìlà kan wà nínú báàgì rẹ̀, kò ju ìkúùkù lọ, ẹ̀wù iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ tó ti gbó ló fi rán an. Àgọ́ kẹta ló fẹ́ ti gbé e lé e lọ́wọ́, níbi tí odò ti ń wọ inú òkun. Olùtọ́jú etíkun, ìyá àgbàlagbà kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ti sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà pé kò sí ibi tó dára tó ibẹ̀ fún wíwo ẹranko.

"Ìwé wà nínú àgọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta," ni ìyá náà wí. "Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí, iye rẹ̀, àti ibi tó kọrí sí. Ohun tí ẹ bá rí nìkan o."

"Bí a ò bá wá rí nǹkan kan ńkọ́, mà?" ni ọkọ bi í.

"Ẹ má kọ nǹkan kan." Ìyá náà rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ má fi ìwé yẹn ṣeré, ẹ̀yin ọmọ mi. Àwa nìkan kọ́ là ń kọ ọ́."

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ta ní í sọ ọ́ fún ẹlẹ́fẹ̀? Nínú àgọ́ kìíní yìí, ọkọ wo àwọn ẹyẹ tó ń wò wọ́n, ó mú bíírò, ó kọ ọ́ sínú ìwé gàdàgbà, bí ẹni pé ẹyẹ ló ń kọ̀wé:

*Ènìyàn: méjì. Akọ kan, abo kan. Wọ́n kọrí sí ibi oúnjẹ.*

"Ẹ pa á rẹ́ jàre," ni aránṣọ wí. "Ìyá yẹn ní ká má ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ìyá Abẹ́rẹ́, irọ́ wo ló wà níbẹ̀? Ṣé a ò pé méjì ni?"

Aránṣọ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì gbé ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì.

Etí iyanrìn ni àgọ́ kejì wà. Kò sí ẹlòmíràn lọ́nà, kò sì sí ipasẹ̀ kankan lórí iyanrìn àfi tiwọn. Ìjàpá òkun mẹ́rin sùn sétí omi. Bí wọ́n ṣe ń kọjá, àwọn ìjàpá náà na ọrùn, wọ́n ń fi ojú sìn wọ́n. Nínú àgọ́, ìwé ti ṣí sílẹ̀ dè wọ́n.

*Ènìyàn: mẹ́ta. Wọ́n kọrí sí àgọ́ kẹta.*

Àwọn lẹ́tà náà tín-ín-rín, wọ́n yà sọ́tùn-ún yà sósì bí ẹsẹ̀ ẹyẹ lórí ẹrẹ̀. Ọkọ fi àtàǹpàkò kàn án. Yíńkì náà yí i lọ́wọ́.

"O káre! Ìwọ náà ti ń kọ́ṣẹ́. Ìgbà wo lo sáré wá kọ ọ́?"

"Èmi kọ́."

"Mẹ́ta báwo wá ni? Ṣé o ka ikùn mi mọ́ ọn ni?" Ó gbá ikùn rẹ̀ tó yọ síwájú, ó sì rẹ́rìn-ín àrínlulẹ̀.

Aránṣọ kò rín. Kó tó mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí ikùn tirẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Nítorí bíírò? Ibi tó dára jù ló kù."

Bó bá ní dandan àwọn á padà, ó gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀. Kò sì fẹ́ dárúkọ ọmọ náà níwájú ìwé yẹn. Ó tẹ̀ lé e.

Orí òpó ni wọ́n kọ́ àgọ́ kẹta sí, omi ti fà lọ, ẹrẹ̀ sì tẹ́ lọ rẹrẹ nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọkọ gba ẹ̀gbẹ́ àgọ́ kọjá sórí pèpéle tó wà lẹ́yìn, ó ní òun fẹ́ fi awò awọ̀nàjíjìn wá ẹja ńlá tó máa ń fò sókè. Aránṣọ ń gbọ́ bó ṣe ń súfèé. Òun nìkan ló wọlé.

*Ènìyàn: méjì. Wọ́n kọrí sí ilé.*

Ó jókòó sórí pákó, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú. Ó mọ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀: ẹ̀yìn á kọ́kọ́ ro ó, lẹ́yìn náà ẹ̀jẹ̀. "Má lọ," ló ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Jọ̀ọ́, má lọ." Ó dúró de ìrora náà. Ẹ̀yìn kò ro ó. Kàkà bẹ́ẹ̀, nǹkan kan ta pútú nísàlẹ̀ ìdodo rẹ̀, bí ẹja kékeré tó fi ìrù kan omi. Ó tún ta.

Ọmọ náà mì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn nínú oyún mẹ́rin.

Ayọ̀ gbé e dìde. Ó fa fìlà yọ, ẹkún àti ẹ̀rín ń jà lẹ́nu rẹ̀. "Ọkọ mi! Ẹ wá o! Ẹ tètè wá!"

Ìgbà yẹn ló tó fura pé súfèé ti dákẹ́.

Ó ka àwọn tí ìwé ní wọ́n kọrí sí ilé. Èmi. Ọmọ yìí. Méjì.

Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Awò awọ̀nàjíjìn fi okùn kọ́ sára igi pèpéle, ó ń mì fìrìfìrì, bẹ́ẹ̀ ni atẹ́gùn kò fẹ́. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ ń dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, kò sí ojú ẹsẹ̀ kan níbẹ̀.

Ó pè é títí ohùn rẹ̀ fi há. Lẹ́yìn náà ó padà sídìí ìwé, ó mú bíírò. Ohun tí ẹ bá rí nìkan o, ìyá yẹn ló wí. Bó bá rí ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kódà èjìká rẹ̀ lásán, òun á kọ *mẹ́ta*. Ó fi ojú sí ihò gbọọrọ tí wọ́n gé sára pákó, ó wo ẹrẹ̀, ó wo odò, ó wo òkun.

Lórí ẹrẹ̀, àwọn ẹyẹ funfun ti tò. Wọ́n kọjú sí àgọ́, wọ́n ń wò ó.