Agbòjò Ẹ̀yìn Mọ́tò Thurl Pruitt

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Disẹ́ńbà tó kọjá, mọ́tò kékeré kan tí kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ kúrò lórí tábìlì ilé ìdáná Rozella Pruitt, lẹ́yìn odi Bakersfield ní ìpínlẹ̀ California. Kò sí ẹni tó gbé e. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Ipa táyà dúdú méjì, tó tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ, ló la orí aṣọ tábìlì kọjá, ó sì dópin létí fèrèsé.

Rozella fi ìka kan ọ̀kan nínú wọn, ó gbé e sí imú. Rọ́bà tó jóná ni.

Ọ̀dọ́bìnrin ló ṣì jẹ́ nígbà tó gbóòórùn yẹn kẹ́yìn. Thurl ọkọ rẹ̀ wà lára àwọn ọ̀dọ́ tó máa ń fi mọ́tò àtijọ́ díje lórí pápá ọkọ̀ òfuurufú kan tí àwọn ológun ti pa tì. Mọ́tò méjì, ọ̀nà tààrà kan. Kí èèyàn tó rẹ́rìn-ín tán, eré ti parí. Mọ́tò Thurl pupa fòò, imú rẹ̀ gbé sókè bíi ti ajá tó gbóòórùn ẹran, wọ́n sì kọ “Ojú Ò Bá A” sára ilẹ̀kùn rẹ̀. Bíréèkì nìkan kò lè dá irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ dúró. Agbòjò ńlá kan, aṣọ funfun olókùn gígùn, ni wọ́n máa ń dì sẹ́yìn rẹ̀. Bí awakọ̀ bá ti dé òpin eré, á tú u, agbòjò á ṣí, afẹ́fẹ́ á sì fa mọ́tò padà. Rozella ló máa ń di ti Thurl. Kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Thurl díje kẹ́yìn, kùrukùru ti ń dìde láti inú oko òwú tó yí pápá náà ká nígbà tí mọ́tò rẹ̀ sáré wọ inú kùrukùru náà. Wọ́n gbọ́ tí agbòjò ṣí. Wọ́n gbọ́ tí okùn já. Wọ́n bá agbòjò nílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò bá mọ́tò, wọn kò sì bá Thurl. Àwọn ọlọ́pàá tú oko, wọ́n tú odò, títí ó fi sú wọn. Àwọn ẹlẹ́nu ní ó ti bá obìnrin lọ sí Mexico. Rozella kò rí òkú sin, kò sì bọ́ òrùka.

Orrin Haskew ni mẹkáníìkì Thurl nígbà náà. Nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò gba iṣẹ́ mẹkáníìkì mọ́, ó gbájú mọ́ ṣíṣe àwòṣe àwọn mọ́tò ìdíje àtijọ́. Á ra páálí tí ẹ̀yà mọ́tò oníke kéékèèké wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í tò ó bí ará ilé iṣẹ́ ṣe ní kí wọ́n tò ó. Á gé òrùlé rẹ̀ wálẹ̀, á yọ ẹ́ńjìnì inú páálí mìíràn sí i, á fi wáyà tó dà bí irun so ó, á máa kùn ún, á máa ha á, títí yóò fi di mọ́tò kan pàtó tí ẹnì kan pàtó wà rí. Láti ìgbà tí irun àwọn méjèèjì ṣì dúdú ló sì ti ń bẹ Rozella pé kó fẹ́ òun.

“Mi ò lè jẹ́ ìyàwó ọkùnrin méjì, Orrin,” ni Rozella máa ń fèsì. “Jẹ́ kí n mọ ibi tí èkíní wà ná.”

Nítorí ìdáhùn yẹn ni Orrin ṣe ṣe àwòṣe Ojú Ò Bá A, kí obìnrin náà lè rí nǹkan kan gbé sínú ilẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú Sátidé yẹn ló gbé e wá.

Rozella wò ó títí. “Ìwọ bàbá arúgbó tó ń fi mọ́tò ọmọdé ṣeré,” ló wí, ó sì fi ìka kan ibì kan tó tẹ̀ lára rẹ̀. “O tún rántí ibi tí mo ti fi àpótí irinṣẹ́ gbá a!”

“Ta ló fẹ́ gbàgbé? Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni Thurl fi ń kùn sí ẹ.”

Rozella yí i wo ẹ̀yìn. “Agbòjò yìí ò dáa. Ó rí bíi bébà.”

“Bébà ni. Mo rẹ ẹ́ sínú gúlúù ni. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn.”

Rozella dìde, ó ṣí àpótí tó wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó fa agbòjò Thurl jáde, ó sì mú sísọ́ọ̀sì. Kí Orrin tó sọ̀rọ̀, ó ti gé aṣọ onígun mẹ́rin kékeré kan kúrò láàárín rẹ̀.

“Roz, rárá o. Ohun tòótọ́ kì í wọ inú àwòṣe. Ọ̀gá tó kọ́ mi kìlọ̀ ẹ̀ fún mi. Ó ní bó bá ti wọ ibẹ̀, a ò ní mọ èwo ni àwòṣe èwo mọ́.”

“Ẹ̀rù ń bà ẹ́ ni?”

“Ẹ̀rù ń bà mí.”

“Ṣé kì í ṣe ìwọ lo ní o fẹ́ fẹ́ mi?”

Orrin gba aṣọ náà. Ó fi ẹ̀mú kékeré dì í bí Rozella ṣe ń darí rẹ̀: ṣẹ́ ẹ po, yí okùn, má fún un jù. Nígbà tó parí, ó gbé mọ́tò náà sórí tábìlì ilé ìdáná. Ilé náà dà bí ibi tí ẹnì kan ti mí èémí gígùn kan.

Ní àárọ̀ Sátidé náà, Rozella pe Orrin lórí fóònù, ó sì dé kíákíá. Wọ́n wo àpótí. Agbòjò kò sí níbẹ̀ mọ́. Níta, kùrukùru ti bo ojú títì débi pé igi iwájú ilé dà bí ohun tí wọ́n pa rẹ́. Ìró kan ń bọ̀ láti inú rẹ̀. Ó kọ́kọ́ dà bí ọkàn tó ń lù, ó sì di ẹ́ńjìnì. Lẹ́yìn náà ni aṣọ ńlá kan ṣí nínú afẹ́fẹ́: fàà! Gbogbo rẹ̀ sì dákẹ́.

“Má jáde,” ni Orrin wí.

Rozella jáde. Orrin bá a dé ẹnu ọ̀nà. Ó di ilẹ̀kùn mú, kò sì kọjá ibẹ̀.

Agbòjò náà wà lórí títì, ó tutù, ihò onígun mẹ́rin wà láàárín rẹ̀. Rozella tẹ̀lé okùn rẹ̀ wọ inú ìfúnfun. Ní òpin okùn ni mọ́tò pupa náà wà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró tì í, ó gbé akoto sí abíyá, ìrì wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, mà,” ló wí. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo dí ọ̀nà yín.”

Gbogbo ohun tí Rozella ti ń tò pamọ́ láti sọ fún un ló sá lọ. Kò rò ó rí pé Thurl yóò kí òun bí ẹni ń kí ìyá àgbà. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó ti hunjọ, ó sì yé e.

“Ìyàwó mi ni mò ń wá. Ó wọ ẹ̀wù òtútù yẹ́lò. Òun nìkan ló mọ agbòjò mi dì.”

“Mo mọ̀ ọ́n dì,” ni Rozella wí.

Ó kúnlẹ̀ sórí títì, orúnkún rẹ̀ ń ké, ó sì dì í. Ọwọ́ rẹ̀ kò ṣìnà lẹ́ẹ̀kan. Thurl ń wò ó.

“Bó ṣe máa ń dì í gan-an nìyẹn. Àbí ẹ̀yin ni ìyá rẹ̀ ni, mà?”

“A tan.”

“Níbo ló wà?”

“Ó ti lọ sílé. Ó dúró dè ẹ́ títí, ó rẹ̀ ẹ́. Ó ní kí ìwọ náà lọ sinmi.”

“Ṣé ó ń bínú?”

“Kò bínú.”

Thurl rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìjọ́hun gan-an. Ó wọ akoto, ó jókòó sídìí ọkọ̀. “Ẹ ṣé o, mà. Ẹ bá mi sọ fún un pé mo ń bọ̀.”

Rozella la ẹnu láti ní kó má bọ̀. Ẹ́ńjìnì bú, ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì, mọ́tò náà sì wọ inú kùrukùru lọ.

“Roz! Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?” ni Orrin ń pariwo láti ẹnu ọ̀nà.

“Ẹnì kan tó ṣìnà ni.” Rozella gun àtẹ̀gùn wá. Ó bọ́ òrùka rẹ̀, ó jù ú sápò. “Gbé ọwọ́ ẹ wá, bàbá arúgbó. Òtútù ń mú mi.”

Wọ́n ṣègbéyàwó ní kóòtù nínú oṣù Máàṣì. Orrin kó wá sílé Rozella. Kò ṣe àwòṣe mọ́tò kankan mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kùrukùru àkọ́kọ́ ìgbà òtútù yìí sọ̀ kalẹ̀. Bí Orrin ṣe ti ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù dé, ó bá agbòjò kan tí kò ju ẹyọ owó lọ lórí àtẹ̀gùn iwájú ilé. Ó ṣí sílẹ̀, ó tutù. Okùn rẹ̀ kò já. Ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé.

Orrin ti wá inú gbogbo yàrá. Kò rí mọ́tò náà, kò sì tíì sọ fún Rozella.