Lẹ́tà tí Dagny Kà Níwájú Ẹ̀rọ

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Dagny, ó ń fọ àtíkè kúrò lójú, inú sì ń bí i. Ọ̀gá Ravnkilde, tó ń darí fíìmù wa ní Copenhagen, kì í fẹ́ àtíkè lójú òṣèré. Ó ní fíìmù tí kò lóhùn, ojú ni ẹnu rẹ̀.

Dagny bi mí bóyá èmi ni n óo máa yí ọwọ́ ẹ̀rọ tó ń ya fíìmù. Mo ní èmi ni.

"Jọ̀ọ́, bá mi dín imú mi kù."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀.

Bàbá rẹ̀, apẹja ní Skagen, kò fẹ́ mi. Ó ní ọkùnrin tó ń yí irin bí ẹni ń lọ kọfí kò lè bọ́ ìyàwó. Ọdún kan gbáko ni mo fi bẹ̀ ẹ́ kó tó gbà pé ká ṣègbéyàwó lẹ́yìn ọdún Àjíǹde. Mi ò tíì gbàgbé ìwọ̀sí yẹn.

Ìgbéyàwó wa ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. A fẹ́ ya ibi tí obìnrin kan, tí Dagny ń ṣe, ti gba lẹ́tà ikú ọkọ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹfà la yà á, Ọ̀gá ò gbà. Ó ní ẹkún òṣèré ni. Nígbà keje, ó ní kí n sún ẹ̀rọ mọ́ ojú Dagny pẹ́kípẹ́kí, ó wá fi lẹ́tà mìíràn lé e lọ́wọ́.

Nídìí iṣẹ́ wa, ẹni tó ń yí ẹ̀rọ kì í dúró àfi tí ọ̀gá bá ní kó dúró.

Dagny kà á. Kò sunkún. Ó gbójú sókè, èmi ló wò, kì í ṣe ẹ̀rọ.

"Laurits, bàbá mi ti kú."

Mo gbọ́ ọ. Ọwọ́ mi ò dúró. Mo ń ka ìyípo ọwọ́ ẹ̀rọ, méjì méjì, títí Ọ̀gá fi ní ó tó.

Lánàá ọjọ́ náà ni lẹ́tà yẹn ti dé láti ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀. Ọ̀gá ló gbé e pamọ́.

Bí Dagny ṣe ń di ẹrù rẹ̀, mo ń bú Ravnkilde, mo ní mi ò ní dárí jì í láé. Dagny jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

"Àjèjì nìyẹn. Ìwọ ni mo pè."

"Tí mo bá dá ẹ̀rọ dúró, wọ́n á lé mi, olólùfẹ́ mi."

"Mo mọ̀. Wọn ò lé ẹ."

Mo ní kó jẹ́ ká jọ lọ sin bàbá. Ó ní àwọn ará ilé á bi òun pé ta ni mo jẹ́ sí òun, òun ò sì mọ èsì tí òun máa fún wọn. Ó dá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ. Kò padà mọ́.

Fíìmù mẹ́rin ni mo tún bá Ravnkilde yà lẹ́yìn náà. Mi ò kí i mọ́, títí ó fi kú.