Ọ̀rọ̀ Láàárín Agolo Bọ́tìnnì

Ìwé pélébé mẹ́tàlélógójì ni Ajíkàwé tò sórí káúńtà ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, láàárín àwọn agolo bọ́tìnnì. Igba ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni tíṣà ní kí kíláàsì wọn mọ ìtumọ̀ wọn kó tó di ọjọ́ Ẹtì, torí ẹnì kan ṣoṣo ni yóò ṣojú ilé ìwé níbi ìdíje. Ajíkàwé ti fi ara rẹ̀ síbẹ̀ tipẹ́.

Ó kọ ọ̀rọ̀ síwájú, ó kọ ìtumọ̀ sẹ́yìn. Bí ìyá rẹ̀ ṣe ń ṣa bọ́tìnnì, àwọ̀ kan sínú agolo kan, lòun náà ṣe ń ṣa ọ̀rọ̀: àwọn tí ìró ìbẹ̀rẹ̀ wọn jọra, ojú kan. Ó yí òkìtì kan padà. "Sneeze": sín. "Snore": hanrun. "Sniff": fi imú fa òórùn. "Snout": imú ẹlẹ́dẹ̀.

Orí rẹ̀ wú. Imú ni gbogbo wọn.

Ó yí òkìtì kejì. "Glow", "gleam", "glitter": ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n látòkè délẹ̀.

"Màmá, ẹ wá wò ó. Ọmọ ìyá làwọn ọ̀rọ̀ yìí."

Ìyá rẹ̀, tí kò dé ilé ìwé rí, fi ọwọ́ kan imú bó ti ń gbìyànjú láti pe "sn". "Ta ló kó wọn jọ báyìí?"

"Mi ò mọ̀, Màmá. Bí mo ṣe bá wọn nìyẹn."

"Ó ga o. Àmọ́ rántí pé mi ò kì í ta bọ́tìnnì láì da agolo síta wò. Agolo funfun lè ní dúdú nínú."

Ìmọ̀ràn yìí gba etí ọ̀tún Ajíkàwé wọlé, ó gba tòsì jáde. Ta ni yóò tún kọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́tàdínlọ́gọ́jọ yòókù? Ẹni tó mọ baba, ṣé kò ní mọ ọmọ ni? Ajíkàwé ju bírò sílẹ̀, ó lọ sùn lọ́sàn-án gangan.

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ó ń méfò, ó ń bọ́ sí i, títí ó fi ku òun àti Rédíò, ọmọ kíláàsì rẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Ajíkàwé, 'gloom'," ni tíṣà wí.

Ajíkàwé dìde bí ẹni tó fẹ́ gba àmì ẹ̀yẹ. "Ìmọ́lẹ̀ ńlá ni, sà. Irú èyí tí èèyàn ń fọwọ́ bojú fún."

"Rédíò?"

"Òkùnkùn, sà. Ó tún lè jẹ́ ìbànújẹ́."

"Rédíò ló ń lọ."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. "Jọ̀ọ́, Ajíkàwé," ni Rédíò wí, "bá mi tan gloom rẹ, n ò ríran."

Ajíkàwé wọ́ ara rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù, ó rò fún ìyá rẹ̀. Ìyá ò bú u. Ó da agolo funfun sórí káúńtà. Bọ́tìnnì dúdú kan yí jáde.

"Mo sọ fún ọ. Àmọ́ dúró ná. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti kúrò, ṣebí òun là ń pè ní òkùnkùn?"

Ajíkàwé la ẹnu, kò rántí pa á dé. "Gloom" ò kúrò nínú ẹbí rárá. Òun ni ọmọ tó kẹ̀yìn sí fìtílà.

Lọ́jọ́ Ajé, ó ṣàlàyé fún tíṣà. Tíṣà, ẹni ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́, rọra jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọmọléèwé. "Gbogbo ìgbà tí mo fi ń kọ́ wọn," ó ní, "mi ò rí i." Síbẹ̀, kò gba àyè lọ́wọ́ Rédíò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ta ló tún yọ sí ṣọ́ọ̀bù? Rédíò. "Kọ́ mi bó o ṣe ń ṣà wọ́n."

Wọ́n ṣà wọ́n pọ̀. Ó kan "snow".

"Imú ni," ni Rédíò wí.

"Yí i padà kó o wò ó," ni Ajíkàwé dáhùn. Yìnyín ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ajíkàwé náà ti mọ̀ wàyí: ẹbí lè júwe ilé fún ni, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ mọ ọmọ gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀kùn ọmọ ọ̀hún fúnra rẹ̀.