Baba Kòsábàwọ́n Gun Òrùlé Lọ Fọ Sólà

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣojú mi. Aránṣọ ni mí, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù mi àti ilé ìfọṣọ tọkọtaya kan. Baba Kòsábàwọ́n là ń pe ọkọ. Àbàwọ́n epo ni o, tàdáwà ni o, kò sí èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ò ká. Ó lè fọ aṣọ títí ẹni tó ni ín á fi máa bi í pé, "Ṣé tèmi nìyí?"

Àyà ìyàwó rẹ̀ kò gba èéfín. Nígbà tó jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ń lò, ikọ́ obìnrin yìí kì í jẹ́ kí n lè ránṣọ. Màá dáwọ́ dúró, màá máa retí pé kó mí. Dókítà ní èéfín ò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Bí wọ́n ṣe ra sólà nìyẹn. Látìgbà náà, orin ló kù tí à ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Kò mọ orin kọ, ká má purọ́, ṣùgbọ́n inú wa ń dùn.

Àfi bí afẹ́fẹ́ eléruku ṣe dé, tí ẹ̀rọ ìfọṣọ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́sàn-án gangan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó ní, "Baba wọn, bátìrì yìí ò kún mọ́. Ṣé a ò ní padà sí jẹnẹrétọ̀ báyìí?"

"Ká padà síbo? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Eruku ló bo gíláàsì sólà yẹn lórí òrùlé. Ta ni wọ́n ń pè ní ìdọ̀tí níwájú mi?"

Ló bá gbé àkàbà. Ó kó kàn-ìnkàn-ìn onírin, búrọ́ọ̀ṣì líle àti ọṣẹ oníyẹ̀fun tí wọ́n fi ń ha ìdí ìkòkò. Mo ní, "Ẹ rọra o, ẹ má fọ òrùlé lọ!" Ó rẹ́rìn-ín, ó gòkè. Kò pẹ́ tá a fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ bó ṣe ń ha gíláàsì lókè.

Ibẹ̀ ni àbúrò ìyàwó rẹ̀ bá wa. Iṣẹ́ sólà ni obìnrin náà ń ṣe, òun ló so tiwọn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì ránṣẹ́ pè é nítorí bátìrì. Ó gbójú sókè, ló bá figbe ta.

"Yéè! Bùrọ̀dá! Ẹ dákun, ẹ sọ kàn-ìnkàn-ìn yẹn sílẹ̀!"

"Kí ló dé? Ìmọ́tótó ti di ẹ̀ṣẹ̀?"

"Ẹ ti ń bó o láṣọ nìyẹn! Ṣé ẹ fẹ́ dá ẹ̀gbọ́n mi padà sínú èéfín ni?"

Ọ̀rọ̀ náà ká ọkùnrin yìí lára. Ó sọ kàn-ìnkàn-ìn sílẹ̀ wàrà. "Aṣọ wo? Gíláàsì lèmi rí o."

Àbúrò gun àkàbà lọ bá a. "Wọ́n ti fi nǹkan pa ojú gíláàsì yìí láti ilé iṣẹ́ wọn. Hóró inú rẹ̀ kéré débi pé, tẹ́ ẹ bá la ẹyọ irun orí kan sí ẹgbẹ̀rún ọ̀nà, ìwọ̀n ọ̀kan níbẹ̀ ló mọ. Náánò ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé dípò kó ta padà. Òun náà ni kì í jẹ́ kí eruku lẹ̀ pinpin."

"Ohun tójú ò rí, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀?"

Àbúrò ò bá a jiyàn. Ó ní ká gbé omi wá. Ó da díẹ̀ sí igun tí wọ́n ti ha: omi náà tẹ́ pẹrẹsẹ, kò lọ síbì kan. Ó da díẹ̀ sí ibi tí kàn-ìnkàn-ìn ò tíì dé: omi ṣù, ó ń yí gbirigbiri sísàlẹ̀, ó sì ń gbá eruku lọ.

Baba Kòsábàwọ́n wo ibí, ó wo ọ̀hún. "Háà! Mo dáràn."

"Bùrọ̀dá, ṣé ẹ máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ṣẹ́dà?"

"Ṣẹ́dà kẹ̀? Ta ló máa dán an wò! Omi, ọwọ́ jẹ́jẹ́, kò gbọdọ̀ sí fífún."

"Bí wọ́n ṣe ń fọ èyí náà nìyẹn."

"O ò tètè sọ bẹ́ẹ̀! Èdè mi lo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń sọ yìí." Nísàlẹ̀, ìyàwó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú.

Ibi tó ha kò lè padà bọ̀ sípò mọ́, ṣùgbọ́n igun kékeré ni, èyí tó kù pé. Wọ́n pa iná rẹ̀, wọ́n so aṣọ rírọ̀ mọ́ igi gígùn, wọ́n fi omi mímọ́ nù ún kí oòrùn tó mú. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣiṣẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Ìyàwó ń kọrin, ọkọ ń gbè é. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ nínú àwọn méjèèjì, mo sì gbádùn ẹ̀ dọ́ba.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní sólà nílé, ẹ gbọ́ o. Ẹ bi ẹni tó so ó fún yín bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ máa fọ̀ ọ́. Omi mímọ́ àti aṣọ rírọ̀ ti tó, láàárọ̀, torí omi tútù lè la gíláàsì gbígbóná. Ẹ má ṣe fi iyanrìn, irin tàbí ọṣẹ líle kàn án. Ẹ kọ́kọ́ pa iná rẹ̀, ẹ má sì gun òrùlé tí omi wà lórí rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ń polówó oògùn náánò inú ike pé kẹ́ ẹ fi kùn ún, ẹ bi oníṣẹ́ yín ná. Ẹ rọra ṣe gíláàsì yẹn, torí èémí ẹnì kan nínú ilé yín lè wà lọ́wọ́ ẹ̀.