Ọmọrí Tó Ń Gbọ̀n

Ẹni tó bá pe èyí ní irọ́, kó lọ béèrè ní Òkè-Ọ̀dàn. Abọ́ tánganran náà ṣì wà lórí pẹpẹ, ọmọrí rẹ̀ sì ti bó létí.

Dinah olùkọ́ ló ni ín. Ọkọ rẹ̀, Akínyẹmí, ló ń kọ báàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Tó bá ń fi orin dánra wò nílé, tí ohùn rẹ̀ wá rẹlẹ̀ gan-an, ọmọrí abọ́ náà á máa gbọ̀n. Jìì, jìì.

"Ohùn ló ń mi afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ ló ń mi abọ́," á sọ bẹ́ẹ̀, á sì rẹ́rìn-ín.

Ohùn ẹlòmíràn kì í mi ọmọrí yẹn. Dinah alára ti gbìyànjú títí.

Oṣù mẹ́ta rèé tí Akínyẹmí ti gba Owódé kọjá sí ẹ̀yìn bọ́dà. Kò padà. Fóònù rẹ̀ kò lọ.

Ìyá rẹ̀, Màmá Àṣìkẹ́, wá. "Ìyàwó mi, Sátidé la ó ṣe ìsìn ìdágbére."

"Màmá, a ò tíì rí òkú."

"A ò kúkú rí ààyè rẹ̀ náà. Ọmọ mi kú, ó yá ju ọmọ mi nù lọ."

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, Dinah ń ṣa ìrẹsì. Àdúgbò pa lọ́lọ́, wọ́n ti lọ sóko. Ni ọmọrí bá bẹ̀rẹ̀. Jìì, jìì. Ẹ̀rù bà á. Ó fọwọ́ lé e, gbígbọ̀n náà sì gba apá rẹ̀ dé àyà.

Ó sáré pe Lukman, tó ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì níléèwé wọn.

"Jẹnẹrétọ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n. Tàbí ẹ̀rọ ìlọta."

"Tẹ́tí."

Lukman tẹ́tí. Ewé ò mì. Kò sí ìró kankan níta. Ó fọwọ́ kan ọmọrí, ó sì tètè mú un kúrò.

"Nǹkan kì í ṣàdéédéé gbọ̀n báyìí láìsí ohùn," ó rọra sọ. Kò jókòó mọ́.

Ní Sátidé, Dinah gbé abọ́ náà lé itan ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi ìborùn bò ó. Wọ́n kọrin, ọmọrí dákẹ́. Wọ́n lu agogo, ó dákẹ́. Àlùfáà wá ṣíwèé.

"Olóògbé Akínyẹmí..."

Ọmọrí gbọ̀n títí ó fi já bọ́ sórí sìmẹ́ǹtì. Kò dáwọ́ dúró nílẹ̀. Màmá Àṣìkẹ́ figbe ta. Àlùfáà pa ìwé dé.

Látìgbà náà, kò sẹ́ni tó dárúkọ ìsìn mọ́. Ojoojúmọ́ ni Dinah ń fọwọ́ lé ọmọrí lọ́sàn-án. Ó ṣì ń gbọ̀n. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, àfi kó tẹ ọwọ́ mọ́ ọn dáadáa kó tó mọ̀ pé ó ń gbọ̀n. Lánàá, ọwọ́ rẹ̀ ò mọ nǹkan kan mọ́, ètè ló gbé lé e.