Páàdì Tí Àtàǹpàkò Hanifah Yàn

Orúkọ rẹ̀ ni Hanifah. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Ọmọ ọmọ mi ni.

Ní àárọ̀ Sátidé, Hanifah jí. Ó fọ ẹnu. Ó jẹ àkàrà, ó mu ẹ̀kọ. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá páàdì rẹ̀.

Páàdì ni nǹkan tó ní bọ́tìnnì lára, tí a ń fi ọwọ́ méjèèjì mú. Òun ni Hanifah fi ń ṣe géèmù lórí kọ̀ǹpútà.

Ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò sí níbẹ̀.

Ó wo inú bàtà. Kò sí níbẹ̀.

Ó ṣí ìkòkò ọbẹ̀. Ọbẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Èmi, Ìyá Àgbà, jókòó jẹ́ẹ́ lórí àga, mò ń wò ó. Mo ní kó wá a dáadáa. Mo ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í mọ nǹkan tọ́jú.

Mo wá sún ìdí díẹ̀.

Kọ́ọ̀.

Mo dìde. Páàdì rè é. Ó ti di méjì.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ìdí mi kì í ṣe ìdí kékeré. Bí mo bá wọ Màrúwà, èmi nìkan ni mò ń jókòó sẹ́yìn.

Hanifah kò sunkún. Ó kàn mí kanlẹ̀.

"Hùùùù."

Wàhálà dé. Ọ̀la ni Ọlámidé ń padà sí ilé ìwé.

Ọlámidé ni ẹ̀gbọ́n Hanifah. Òdogbolú ni ilé ìwé rẹ̀ wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn, ibẹ̀ ni wọ́n ń jí. Bó bá ti lọ, ó di oṣù mẹ́ta. Wọn kì í gbé kọ̀ǹpútà lọ síbẹ̀.

Gbogbo ìsinmi ni àwọn méjèèjì fi ń bá ẹ̀fọn jà nínú géèmù. Hanifah ló ni ọkọ̀ òfúrufú pupa. Ọlámidé ló ni ọkọ̀ òfúrufú búlúù.

Wọ́n á fò. Wọ́n á yìnbọn. Pì-pì-pì. Ẹ̀fọn kan já bọ́. Pì-pì-pì. Ẹ̀fọn mìíràn já bọ́.

Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó parí, Ẹ̀fọn Ńlá á jáde. Ó tóbi bí ilé. Bí ọkọ̀ kan ṣoṣo bá fọ́, géèmù parí fún àwọn méjèèjì nìyẹn.

Wọn kò tíì borí Ẹ̀fọn Ńlá rí. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣèlérí fún ara wọn. Kí Ọlámidé tó lọ, Ẹ̀fọn Ńlá gbọ́dọ̀ já bọ́.

Kíbọ́ọ̀dù ni Ọlámidé fi ń fò. Ìka tirẹ̀ gùn. Ìka Hanifah kò tíì tó kíbọ́ọ̀dù. Bí kò bá sí páàdì, ọkọ̀ pupa kò lè fò.

Mo so ìró mi le. Mo ní, "Èmi ni mo jókòó lé e. Èmi ni màá ra òmíràn."

Ọlámidé ti lọ di irun ilé ìwé. Nítorí náà, èmi àti Hanifah la jọ lọ. Mo jókòó sẹ́yìn Màrúwà. Hanifah jókòó síwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀.

Kúbúrátù ló ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta nǹkan kọ̀ǹpútà. Jẹ́jẹ́ ló máa ń sọ̀rọ̀. Páàdì kún ara ògiri rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Kúbúrátù kí wa. Ó béèrè irú géèmù tí ọmọ ń ṣe. Hanifah la ẹnu.

Mo ní, "Dúró ná."

Kúbúrátù ní kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀, kí ọmọ wá dán páàdì wò. Mo ní kò sídìí. Láti ogójì ọdún ni mo ti ń ta gààrí ní Òkè-Ajé. Kí ni mi ò mọ̀ ọ́n yàn?

Mo gbé páàdì kan. Mo fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n. Mo mì ín sétí. Mo gbóòórùn rẹ̀.

Ó wúwo. Ó ní iná pupa, iná búlúù, iná aláwọ̀ ewé. Nǹkan méjì dúró lórí rẹ̀ bí olú. Mo ní èyí ni.

Hanifah tún la ẹnu.

Mo ní, "Dúró ná."

"Hùùùù," ni Hanifah ṣe.

A délé. A ki wáyà bọ kọ̀ǹpútà. Gbogbo iná tàn. Àní ó rẹwà.

Hanifah fi àtàǹpàkò ti olú sí òsì. Ọkọ̀ pupa lọ sí òsì, ó sì tún gòkè díẹ̀.

Ó ti olú sísàlẹ̀. Ọkọ̀ pupa lọ sísàlẹ̀, ó sì tún yà sí ọ̀tún. Ó ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn.

Bọ́tìnnì kan tún wà níbẹ̀ tó dà bí àmì ìròpọ̀. Hanifah tẹ ìyẹn. Ó rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Ọkọ̀ kò mọ ibi tí wọ́n ní kí òun lọ.

Gbòà. Ọkọ̀ pupa fọ́.

Hanifah ṣàlàyé fún mi. Ó ní nínú géèmù tòun, ọkọ̀ kì í yà kiri. Òkè, ìsàlẹ̀, òsì, ọ̀tún. Ó tán.

Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò gbọ́ nǹkan kan.

A padà sí ṣọ́ọ̀bù. Èmi lẹ́yìn, Hanifah níwájú.

Kúbúrátù gba páàdì. Ó nu ojú rẹ̀. Ó tún ní ṣé kí ọmọ dán òmíràn wò.

Mo ní kò sídìí. Mo ti rí èyí tí mo fẹ́. Kò ní wáyà rárá. Wáyà ló sì máa ń kọ́ mi lẹ́sẹ̀ nílé.

Mo wọ̀n ọ́n. Mo mì ín. Mo gbóòórùn rẹ̀.

Hanifah la ẹnu.

Mo ní, "Dúró ná."

"Hùùùùùù," ni Hanifah ṣe. Èyí gùn ju tàkọ́kọ́ lọ.

A délé. Hanifah tẹ òkè.

Ọkọ̀ pupa dúró. Ó rò ó ná. Ó wá gòkè.

Hanifah tẹ òsì. Ọkọ̀ pupa dúró. Ó rò ó ná.

Bí èmi náà ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí wọ́n bá pè mí lórí àga. Màá dáhùn, ṣùgbọ́n mi ò ní dìde kíá. Ẹ̀fọn kò mọ ìyẹn. Ẹ̀fọn kò dúró.

Gbòà. Ọkọ̀ pupa tún fọ́.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọlámidé ló wọlé. Irun rẹ̀ ń dán. Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó ń di ẹrù. Ó ki ọṣẹ sí i. Ó ki ìbọ̀sẹ̀ sí i. Ó wo kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan, ó sì mójú kúrò.

Hanifah káwọ́ gbera. Oòrùn ti ń rẹlẹ̀.

Inú bí mi. Ó bí mi sí páàdì. Ó bí mi sí ẹ̀fọn. Mo ní màá lọ bá Kúbúrátù jà.

Èmi lẹ́yìn, Hanifah níwájú. Awakọ̀ Màrúwà kò tiẹ̀ béèrè ibi tí à ń lọ mọ́.

Bí mo ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù, mi ò kí ẹnikẹ́ni. Mo já páàdì kan lára ògiri. Mo wọ̀n ọ́n. Mo mì ín sétí.

Hanifah di etí ìró mi mú. Ó fà á.

"Ìyá Àgbà, tí ẹ bá ń ta gààrí, ta ló ń tọ́ ọ wò?"

Mo ní irú ìbéèrè wo nìyẹn. Oníbàárà ni. Oníbàárà á bu díẹ̀, á jù ú sẹ́nu. Bó bá kan dáadáa, tó sì ń ró kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ léyín, á rà á. Bí kò bá tọ́ ọ wò, mi ò ní wọ̀n ọ́n fún un.

Hanifah ní, "Kí ló dé tí ẹ kì í bá a tọ́ ọ wò?"

"Ẹnu mi kọ́ ló fẹ́ jẹ ẹ́."

Hanifah sún mọ́ mi. Ó na àtàǹpàkò rẹ̀ méjèèjì sí mi lójú.

Mo wo àtàǹpàkò. Mo wo páàdì tó wà létí mi.

Kúbúrátù kọjú sí ògiri. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀rín ni.

Èmi náà bú sẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí gèlè mi fi já sílẹ̀. Odidi èmi onígààrí, mò ń ra páàdì láìtọ́ ọ wò.

Mo ní, "Hanifah, ó yá. Tọ́ ọ wò."

Kúbúrátù gbé àpótí kan sílẹ̀ fún un níwájú kọ̀ǹpútà. Ó to páàdì mẹ́rin kalẹ̀. Ó béèrè irú géèmù tí ọmọ ń ṣe, fún ìgbà kejì. Hanifah sọ fún un, Kúbúrátù sì ṣí irú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu ara mi.

Hanifah kò fọwọ́ kan olú kankan. Bọ́tìnnì tó dà bí àmì ìròpọ̀ nìkan ló ń tẹ̀.

Ó mú páàdì dúdú. Ó tẹ òkè. Ọkọ̀ gòkè, ó sì yà. Ó ní kì í ṣe èyí.

Ó mú páàdì funfun. Bọ́tìnnì rẹ̀ le bí èkùrọ́. Ó ní èyí á dun àtàǹpàkò òun.

Ó mú páàdì pupa. Ó tóbi. Ọwọ́ rẹ̀ kò dé bọ́tìnnì ìbọn. Ó gbé e sílẹ̀.

Ó ku ẹyọ kan. Àwọ̀ eérú ni. Ó ní wáyà. Kò ní iná kankan. Ó dà bí ọṣẹ tí wọ́n ti lò dé ìdajì. Ẹnu mi ń yún mi, ṣùgbọ́n mi ò gbé ọwọ́ kúrò.

Hanifah di ojú. Ó tẹ̀ ẹ́.

Òkè. Kí, ni bọ́tìnnì dún.

Ìsàlẹ̀. Kí.

Òsì. Kí.

Ọ̀tún. Kí.

Ó la ojú. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ lọ síbi tó rán an, kò yà, kò rò ó. Pì-pì-pì.

Hanifah rẹ́rìn-ín músẹ́. "Èyí ni, Ìyá Àgbà."

Ó gbé e mọ́ra délé. Kò jẹ́ kí n bá òun gbé e.

Ọlámidé ti di ẹrù tán. Hanifah ki wáyà bọ kọ̀ǹpútà. Ó fọwọ́ gbá àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọlámidé sáré wá jókòó.

Ọkọ̀ pupa fò. Ọkọ̀ búlúù fò. Pì-pì-pì. Pì-pì-pì. Ẹ̀fọn ń já bọ́ bí òjò.

Ẹ̀fọn Ńlá jáde. Vùùùùù.

Ó tu iná sí wọn. Ọkọ̀ búlúù sá sókè. Iná kún ibi gbogbo. Àyè kékeré kan ló kù, kò ju kí ọkọ̀ kan bọ́ síbẹ̀ lọ.

Ọlámidé rọra sọ pé, "Ìsàlẹ̀, Hanifah. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Kí.

Ọkọ̀ pupa bọ́ sí àyè náà. Iná kọjá lórí rẹ̀.

Pì-pì-pì-pì-pì.

Ẹ̀fọn Ńlá mì. Ó yí. Ó já bọ́. Gbììì.

Ọlámidé gbé Hanifah sókè, ó ń fi í yípo nínú yàrá. Èmi ń jó. Ẹ ò rí ijó mi, ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ní àárọ̀ Sọ́ńdè, Ọlámidé wọ ọkọ̀ Òdogbolú. Ó na àtàǹpàkò sí Hanifah lójú fèrèsé. Hanifah na tirẹ̀ sí i. Kò sẹ́ni tó sunkún nínú wọn.

Èmi ni mo sunkún. Ojú mi kì í gbọ́ràn.

Hanifah fà mí lọ́wọ́ wọlé. Ó ní ọkọ̀ búlúù kò ní awakọ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ó gbé kíbọ́ọ̀dù síwájú mi.

Mo tẹ òkè. Gbòà.

Hanifah ní kí n tún un ṣe. Mo tẹ òsì. Gbòà.

Òní ló di ọjọ́ kẹta. Ọkọ̀ búlúù ti fọ́ nígbà mọ́kànlélógójì. Ẹ̀fọn kékeré àkọ́kọ́ pàápàá, mi ò tíì pa á. Hanifah ní mò ń gbìyànjú.