Àwọn Bọ́ọ̀lù Tí Kò Dúró

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ojú ọ̀sán gangan ló ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe lójú àlá, kì í sì í ṣe ojú ẹnìkan péré ló rí i. Èèyàn kún ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì wà láàyè. Ẹ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ẹ óò rí i pé ṣe ni wọ́n máa rẹ ohùn sílẹ̀ kí wọ́n tó dá yín lóhùn.

Bàbá Ẹ-Dákẹ́ ni wọ́n ń pe ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Òun ló ń darí ìdíje snúkà, eré tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù sínú ihò lórí tábìlì, nínú gbọ̀ngàn kan tó wà lókè ilé ìtajà táyà, láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú minimini. Òun ló ń pín àwọn eléré ní méjì-méjì, òun ló ń sọ ẹni tó kàn láti gbá, òun náà ló ń parí aáwọ̀ bí ẹnìkan bá ní ọwọ́ ẹnìkejì ti kan bọ́ọ̀lù. Kì í jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ariwo bá ti pọ̀ jù, á gbé ọwọ́ sókè, á ní, "Ẹ dákẹ́." Gbogbo ilé á sì pa lọ́lọ́.

Ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ìdíje ìkẹyìn rẹ̀ ni. Orúnkún ti ń dà á láàmú lórí àtẹ̀gùn. Ìyàwó rẹ̀ náà ti fara dà á pẹ́. Ọdọọdún ló ń sọ fún obìnrin náà pé ó ku ìdíje kan ṣoṣo, ọdọọdún náà ni obìnrin náà ń dáhùn pé, "Mo ti gbọ́," láìbínú, láìrẹ́rìn-ín. Wọ́n ti wá rí ilé kékeré kan báyìí, níbi tí èèyàn ti lè máa gbọ́ ìró omi láti orí ibùsùn. Ẹrù ti wà nínú ọkọ̀. Bó bá ti gbé ife-ẹ̀yẹ lé ẹni tó borí lọ́wọ́, wọ́n ń lọ nìyẹn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́ náà tipẹ́, ló máa gba ipò rẹ̀.

Eléré méjì ló kù, Aránṣọ àti Awakọ̀. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni Aránṣọ, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ti dé àṣekágbá rí, kò sì borí rí. Awakọ̀ ní tirẹ̀, bọ́ọ̀sì ńlá tó ń rìn láti ìlú dé ìlú ló ń wà, àwàdà sì kún ẹnu rẹ̀.

"Ìyá wa, ẹ ṣàánú mi lónìí," ó ní. "Ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún mi."

Aránṣọ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó fi ṣọ́ọ̀kì ra orí ọ̀pá rẹ̀.

Ọ̀mì ni wọ́n ti ta. Ayò tó kù ló máa pinnu. Bàbá Ẹ-Dákẹ́ fúnra rẹ̀ ló to àwọn bọ́ọ̀lù jọ. Ó ní kí Aránṣọ tú wọn ká. Bí bọ́ọ̀lù kan bá wọ ihò, òun náà ni yóò tún gbá. Bí kò bá sí èyí tó wọlé, ó kan Awakọ̀ nìyẹn. Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ dákẹ́."

Aránṣọ tẹ̀ síwájú, ó gbá a. Bọ́ọ̀lù funfun kọlu àwọn yòókù, gbà. Wọ́n tú ká. Wọ́n lọ gbá ẹ̀gbẹ́ tábìlì, wọ́n padà. Eré wọn dínkù. Wọ́n wá ń rìn bí ohun tó fẹ́ dúró.

Wọn kò dúró.

Ó kọ́kọ́ dà bíi pé ojú ló ń tan àwọn èèyàn. Awakọ̀ ti gbé ọ̀pá rẹ̀, ó ń wá ibi tó máa dúró sí. Ó tún gbé e sílẹ̀. Gbogbo bọ́ọ̀lù ló ń yí lọ, jẹ́jẹ́, bákan náà, láì yára sí i, láì falẹ̀ sí i. Wọ́n ń gba àárín ara wọn kọjá láìkan ara wọn, bí àwọn tó ti jọ ń gbé inú ilé kan tipẹ́. Èyí tó bá dé etí ihò á rọra yí etí náà ká, á sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Ẹnìkan pa fáànù. Ìgbà náà ni wọ́n tó gbọ́ ọ. Ìró yíyí lórí aṣọ tábìlì, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí èémí ẹni tó ń sùn ní yàrá kejì.

Bíríkìlà kan wà lára àwọn tó wá wòran. Ó yọ ìwọ̀n tó fi ń mọ̀ bóyá ilé tẹ́jú nínú àpò rẹ̀, ó gbé e sórí igi ẹ̀gbẹ́ tábìlì. Ó wò ó títí.

"Ó tẹ́jú," ó ní. Ó sì lọ fẹ̀yìn ti ògiri.

Awakọ̀ sún mọ́ Bàbá Ẹ-Dákẹ́. Àwàdà ti kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá, ẹ fọwọ́ dá wọn dúró. Ká tún un gbá."

Òfin tí Bàbá Ẹ-Dákẹ́ fúnra rẹ̀ ti ń tẹnu mọ́ látọjọ́ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kan bọ́ọ̀lù tó ṣì ń lọ. Ó wo ọmọ rẹ̀ obìnrin tó dúró tì í.

"Kí lo rí sí i?"

"Ìdíje yín ni, Bàbá."

Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ó na ọwọ́ sórí tábìlì, ó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí òjìji ọwọ́ náà ti bọ́ sórí aṣọ, àwọn bọ́ọ̀lù yà fún un. Wọ́n yà sọ́tùn-ún, wọ́n yà sósì, wọ́n sì tún pàdé lẹ́yìn rẹ̀. Ooru kan gòkè wá bá àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, irú èyí tó máa ń wà lórí ibùsùn tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò lórí rẹ̀. Irun apá rẹ̀ dìde. Kì í ṣe ẹ̀rù. Omi ló bọ́ lójú rẹ̀, kò sì mọ ohun tó fà á.

Ó rọra gbé ọwọ́ kúrò, bí ẹni tó kù díẹ̀ kó jí ọmọ tó ń sùn.

"Bọ́ọ̀lù ṣì ń lọ," ó ní. "Ẹ jẹ́ kó máa lọ."

"Títí dìgbà wo?" ni Aránṣọ béèrè.

Bàbá tú apá aṣọ rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì.

Ìyàwó rẹ̀ ti ń dúró nínú ọkọ̀ nísàlẹ̀. Nígbà tó pẹ́, ó gòkè wá. Láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò fẹsẹ̀ kan ibẹ̀ rí. Ó yọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ti la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ó rí tábìlì náà. Àwọn èèyàn yà fún un, ó sì bọ́ síwájú. Ó wò ó, ó wò ó.

"Ṣé ohun tí ẹ ti ń wò látọjọ́ yìí nìyí?" ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Ọkọ rẹ̀ fẹ́ sọ fún un pé rárá, pé kò rí báyìí rí. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó sún fún un lórí bẹ́ǹṣì. Obìnrin náà jókòó tì í, èjìká kan èjìká, wọ́n sì jọ ń wò ó títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Kò sẹ́ni tó rántí ife-ẹ̀yẹ.

"Ẹ máa lọ," ni ọmọ wọn sọ. "Èmi á dúró tì í."

Wọ́n lọ. Ilé kékeré náà dára bí wọ́n ti rò ó. Ṣùgbọ́n bí Bàbá Ẹ-Dákẹ́ bá ti jí láàárọ̀, fóònù ló ń kọ́kọ́ fà mọ́ra láti pe ọmọ rẹ̀.

"Ṣé wọ́n ti dúró?"

"Wọn ò tíì dúró."

Ọmọ náà ti kó ìdíje yòókù lọ síbòmíràn. Aránṣọ máa ń gbé aṣọ tó ń rán lọ́wọ́ wá síbẹ̀. Bí Awakọ̀ bá ti dé láti ìrìnàjò, ibẹ̀ ló ń gbà lọ. Wọ́n á jókòó lápá ibí àti lápá ọ̀hún, ọ̀pá wọn lórí itan, wọn ò ní bára wọn sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kan, bàbá ní kí ọmọ náà gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì kí àwọn lè gbọ́ ọ. Òun àti ìyàwó rẹ̀ tẹ orí sún mọ́ra. Ìró náà ń bọ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ òmíràn. Gbì. Bọ́ọ̀lù já sínú ihò. Wọ́n gbọ́ ọ bó ṣe yí gba inú ikùn tábìlì, gbọ̀ọ̀rọ̀gbọ̀ọ̀rọ̀, títí ó fi dákẹ́.

"Bàbá, ṣé ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́. Èwo ló wọlé?"

Wọ́n gbọ́ tí ọmọ náà ń ka àwọn bọ́ọ̀lù.

"Kò sí èyí tó wọlé. Gbogbo wọn ló wà níbí. Wọ́n ṣì ń lọ."

"Wo ikùn tábìlì."

"Mo ti ṣí i. Òfìfo ni."

Ìyàwó rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nínú fóònù, lókèèrè, wọ́n gbọ́ tí ẹnìkan fi ọ̀pá kan ilẹ̀ láti dìde. Aránṣọ ni.

"Ẹ bá mi bi Bàbá," ó ní. "A gbọ́ tí bọ́ọ̀lù wọlé, kò sì sí èyí tó wọlé. Ta ló kàn báyìí?"

Kò sí ìbéèrè tí Bàbá Ẹ-Dákẹ́ tíì dáhùn lọ́pọ̀ ìgbà tó ìyẹn láyé rẹ̀. Ó la ẹnu. Ìyàwó rẹ̀ ń wò ó. Lọ́hùn-ún, Aránṣọ àti Awakọ̀ ń retí ohùn rẹ̀, àwọn bọ́ọ̀lù náà sì ń lọ.